Bí Àgbà Dírẹ́bà Ti Í Ya Ọkọ̀ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò. Ẹni tí ó ń kọ́ mọ́tò ní ẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni àwọn àgbà dírẹ́bà, àwọn tí ó ti pẹ́ lójú títì débi pé ẹsẹ̀ wọn ti mọ bírékì kí ojú wọn tó rí ewu. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ kò ní mọ́tò má ṣe dìde, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà yóò kàn yín kí a tó parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ èrò ní Ìbàdàn, mo ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni dírẹ́bà wa, irun orí rẹ̀ ti funfun. Ọ̀nà àtijọ́ ni a gbà, nítorí àwọn èrò kan fẹ́ sọ̀ ní Ìkirè, àwọn mìíràn fẹ́ sọ̀ ní Àpòmù. Bí a ti kúrò ní Ìkirè, a bá lọ́rì kan tí ó ru gẹdú níwájú wa. Lọ́rì náà ń wọ́ lọ bí ìgbín, èéfín dúdú ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ó ní, 'Bàbá, ẹ ya á sílẹ̀ jàre. Ilẹ̀ ń ṣú lọ.'

Bàbá kò dáhùn.

'Bàbá, àbí mọ́tò yín kò lè sáré ni?'

Bàbá wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọmọ mi, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò. Àwọn ọkọ̀ tí mo ti yà sílẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n àwọn tí n kò yà sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí n dàgbà.'

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọkọ̀ epo bẹntiróò kan fi yọ ní kọ́nà tí ó wà níwájú, tí ó ń já bọ̀ bí ìjì. Bí a bá ti bọ́ síta láti ya lọ́rì gẹdú náà sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni à bá ti pàdé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Àpòmù. Èmi náà kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ń ro ọ̀rọ̀ bàbá náà, mo sì ń rò ó títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé a ya ọkọ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní ófàtéèkì. Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú, tí èyí tí ó wà lẹ́yìn sì fẹ́ yára jù ú lọ, ẹni ẹ̀yìn yóò bọ́ sí apá òsì, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni iwájú, yóò sì padà sí apá ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ènìyàn ti ń mí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tí àlọ àti àbọ̀ jọ ń gbà, ilẹ̀ onílẹ̀ ni a wọ̀ ní àkókò kékeré yẹn. Apá òsì kì í ṣe tiwa, ti ẹni tí ń bọ̀ ni. A yá a lò ni. Ẹni tí yóò bá sì yá nǹkan lò, ó yẹ kí ó dá a lójú pé olóhun kò tíì nílò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni apá òsì jẹ́ apá tí a ń gbà kọjá. Ẹ̀yin àgbà ẹ ó rántí pé ní ayé àtijọ́, apá òsì ni a ń rìn ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún ni a sì ń gbà ya ọkọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí i padà, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni dírẹ́bà ti ń jókòó sí apá òsì nínú ọkọ̀, kí ó lè sún mọ́ àárín títì, kí ojú rẹ̀ sì lè rí iwájú dáadáa bí ó bá fẹ́ kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ṣàánú rẹ̀. Etí igbó ni dírẹ́bà rẹ̀ jókòó sí. Ó ní láti gbé odindi ọkọ̀ jáde kí ojú tirẹ̀ tó rí ohun tí ń bọ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsù yín, kí a jọ ṣe ìṣirò kan. Ká ní lọ́rì kan ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ tiwa sì ń sá 80. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 20. Bí a bá sọ ọ́ di ti ìṣẹ́jú àáyá, mítà márùn-ún àbọ̀ péré ni a fi ń jèrè lórí lọ́rì náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lọ́rì náà gùn tó mítà 15, ọkọ̀ wa gùn tó mítà 5. A óò bẹ̀rẹ̀ láti mítà 20 lẹ́yìn rẹ̀, a óò sì fi mítà 20 sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí a tó padà sí ipò wa. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di mítà 60. Bí a bá fi márùn-ún àbọ̀ pín in, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11.

Láàrin ìṣẹ́jú àáyá 11 yẹn, ọkọ̀ tiwa yóò ti rin nǹkan bí mítà 244. Bí ọkọ̀ mìíràn bá sì ń bọ̀ níwájú, tí òun náà ń sá 80, yóò ti rin mítà 244 wá bá wa. Àròpọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 500. Ìdajì kìlómítà nìyẹn, bí ẹni to pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún síwájú ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè rí ìdajì kìlómítà kedere níwájú rẹ̀, kò rí ibi tí ó ń lọ rárá. Oríire ni ó ń wá kiri.

Kí ni èrè tí a ń jẹ nínú rẹ̀? Ẹ tún jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé lọ́rì náà fún kìlómítà 10, ìṣẹ́jú 10 ni yóò gbà wá. Bí a bá ń sá 80, ìṣẹ́jú méje àbọ̀ ni. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ péré ni a jèrè. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìkirè ra dodo fún àwọn ará ilé, kí olódodo tó pọ́n ọn tán, kí ó sì tó wá ṣéńjì, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ti lọ. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ya ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á mọ iye ọjà kí á tó san owó rẹ̀.

Èwo ni ti àgbà dírẹ́bà nínú èyí? Ẹ gbọ́. Ẹni tí ó bá ya ọkọ̀ sílẹ̀ ní kọ́nà lónìí, tí kò sì pàdé ẹnikẹ́ni, yóò rò pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá tún ṣe é lọ́la, tí ó tún yọ, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ sí i. Bí ó bá ti yọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, yóò máa pè é ní ìmọ̀. Kì í ṣe ìmọ̀ o. Ibi tí kò sí ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni ó ti ń yọ, kì í ṣe ibi tí ó ti gbọ́n. Títì kì í báni wí nígbà tí a bá ṣẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó máa ń gba gbogbo gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi ní láti máa bẹ̀rù ju ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìṣe àgbà. Àwọn àgbà wa ní, igi gógóró má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ fi imú mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó fi ojú mọ́ ògiri kò lè rí ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Kí ó fà sẹ́yìn. Bí ó bá ti jìnnà tó ni yóò ti rí iwájú tó, dírẹ́bà ọkọ̀ ńlá náà yóò sì rí i nínú dígí rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń wọn àlàfo náà. Mú igi tàbí òpó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, wí lẹ́nu pé, 'Ọ̀kan-lé-lẹ́gbẹ̀rún, èjì-lé-lẹ́gbẹ̀rún.' Bí o bá dé ibi igi náà kí o tó wí i tán, o ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, wí i lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wo dígí tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti ń yà á sílẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn. Kí ó yí ojú wo ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, nítorí dígí kì í fi gbogbo nǹkan hàn. Kí ó tan iná òsì, kí ó fun fèrè bí ó bá yẹ, kí ó sì wo bí ẹni iwájú yóò ti dáhùn.

Ìdáhùn yìí ní ìtàn. Ní ayé àwọn bọ́lẹkájà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó máa ń dúró lẹ́yìn lọ́rì, tí yóò na ọwọ́ sí ẹni tí ó fẹ́ kọjá pé kí ó máa bọ̀, tàbí kí ó ṣì dúró. Lónìí, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ọkọ̀ ńlá ń fi iná sọ ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá tan ti ọ̀tún, ó túmọ̀ sí pé iwájú mọ́, máa kọjá. Bí wọ́n bá tan ti òsì, ó túmọ̀ sí pé nǹkan ń bọ̀, dúró. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n iná òsì kan náà ni ẹni tí ó fẹ́ yà sí òsì máa ń tàn, iná ọ̀tún sì ni ẹni tí ó fẹ́ dúró máa ń tàn. Nítorí náà, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fún wa ní àmì, kí a sì fi ojú tiwa wò. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò sọ ojú rẹ̀ di ojú wa. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ọrùn ẹni tí ó kọjá ni yóò wà.

Bí ó bá ti bọ́ síta, kí ó kọjá kíákíá, kí ó má ṣe máa bá ọkọ̀ ńlá náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó má ṣe padà sí ọ̀tún títí yóò fi rí iná iwájú ọkọ̀ náà méjèèjì nínú dígí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá já wọlé lójijì síwájú ọkọ̀ tí ó ru ẹrù, ó ń dá ẹjọ́ ikú fún ara rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó wúwo kì í tètè dúró. Bí ó bá sì rí i láàrin iṣẹ́ pé ààyè kò tó, kí ó tẹ bírékì, kí ó padà sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kí a gbé ènìyàn délé nínú aṣọ funfun.

Òfin mìíràn rèé tí àwọn àgbà sábà máa ń gbàgbé: má ṣe tẹ̀ lé ẹni tí ń ya ọkọ̀ sílẹ̀ láti yà á sílẹ̀ pọ̀. Ààyè tí ẹni àkọ́kọ́ rí kì í ṣe tìrẹ. Ìgbà tí ó bá padà sí ọ̀tún ni ìwọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ń bọ̀, ìwọ yóò sì dá wà láàrin títì.

Àwọn ibi kan wà tí kò yẹ kí á gbìyànjú rẹ̀ rárá: ní kọ́nà, ní orí gegele tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lórí afárá, ní oríta, níbi tí ìlà àárín títì kò já, ní iwájú ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà, àti níbi tí ènìyàn ti ń sọdá. Ní alẹ́, iná kan ṣoṣo tí ń bọ̀ lè jẹ́ ọ̀kadà, ó sì lè jẹ́ tírélà tí iná rẹ̀ kan ti kú. Ní àkókò ọyẹ́, kùrukùru a máa fi ọkọ̀ pamọ́. Bí a bá sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́, kí a fún un ní ààyè tó pọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ńlá lè gbé e ṣubú.

Ẹni tí a ń yà sílẹ̀ ńkọ́? Òun náà ní iṣẹ́. Kí ó má ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́ná. Kí ó dúró sí ọ̀nà rẹ̀, kí ó fa ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹni tí ń kọjá lè tètè kọjá. Ẹni tí a yà sílẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tí ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú, bí ó bá rí aṣiwèrè kan lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó tẹ bírékì, kí ó fà sí ọ̀tún. Kí ó má ṣe wí pé, 'Ọ̀nà mi ni, n kò ní í yà.' Òótọ́ ni pé ọ̀nà rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òkú kì í gba ẹjọ́ rò.

Ẹ má ṣe rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ yìí jẹ́ ti ojo. Àwọn ibì kan wà ní Yúróòpù tí a ti ṣe títì tí ó wà fún eré sísá nìkan. Ọ̀kan nínú wọn ni Nürburgring ní Jámánì, tí a ṣí ní 1927. Ọ̀nà àríwá rẹ̀ gùn tó nǹkan bí kìlómítà 21, ẹni tí ó bá sì sanwó lè gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ti iwájú bọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ apá òsì nìkan ni a gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kí ẹni tí kò yára sì dúró sí ọ̀tún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ tí a bá ṣí irú pápá bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó mọ mọ́tò wà, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kọjá àfi bí ẹni iwájú bá fún un láàyè, lójú ọ̀nà tí ó tọ́, kì í ṣe ní kọ́nà. Ẹni tí ń kọjá ni ó ru ẹrù gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀. Bí àwọn tí ọkọ̀ wọn yára bí ọfà bá ń tọrọ ààyè níbi tí kò sí ẹni tí ń bọ̀, kí ni ó yẹ kí àwa ṣe láàrin Ìkirè àti Àpòmù?

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀, títì àlọ yàtọ̀ sí ti àbọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ewu ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà ìrìnnà ti 2012 gbà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sá 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí bọ́ọ̀sì àti takisí sá 90, kí tírélà àti ọkọ̀ epo má kọjá 60. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀. Nítorí náà, ọ̀tún ni ilé gbogbo wa, òsì kàn jẹ́ ibi tí a ń gbà kọjá. Kí a kọjá, kí a sì padà sílé. Nígbà tí wọ́n bá sì ń tún apá kan títì ṣe, tí àlọ àti àbọ̀ bá jọ ń gba apá kan, kí a rántí pé ọ̀nà márosẹ̀ ti di ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọjá yín, ẹ má ṣe pariwo pé, 'Dírẹ́bà, ṣé o fẹ́ kí ó fi wá ṣẹlẹ́yà ni?' Ariwo yín ni ó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ọkọ̀ kan bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má ṣe gba iwájú rẹ̀ sáré sọdá. Ẹni tí ń yà á sílẹ̀ kò rí yín, ẹ̀yin náà kò sì rí i. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ tán, kí ẹ wo òsì, kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ tún wo òsì.

Ọ̀nà yìí ti kọ́ orílẹ̀-èdè wa lẹ́kọ̀ọ́ rí. Nígbà tí Ìkirè àti Àpòmù ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní 1977, ni ìpínlẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tí ó léwájú nínú iṣẹ́ náà. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Òfin ka fífi ipá ya ọkọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ní gbogbo kọ́nà.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé ní ọjà Àpòmù ni àríyànjiyàn kan ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn oníṣòwò Òwu àti ti Ìjẹ̀bú lórí ataare. Ọ̀ràn kékeré náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun tí ó fọ́ ìlú ńlá náà. Ataare lásán ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí lójú títì. Ẹnìkan kọjá ẹnìkejì, ẹnìkejì kò gbà, ó tẹ iná, ẹni ẹ̀kẹta sì ń bọ̀ ní kọ́nà láìmọ̀ pé ìjà ń bẹ.

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà dírẹ́bà, ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. Nígbà mìíràn tí ẹ bá wà lẹ́yìn lọ́rì gẹdú, tí ẹsẹ̀ bá ń yún yín, ẹ rántí bàbá arúgbó tí mo sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ ka ìdajì kìlómítà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ máa bá tiyín lọ jẹ́jẹ́. Ilé-Ifẹ̀ kò ní í sá kúrò níbi tí ó wà.